Èmi Ni Mo Gé Nọ́ńbà Pàjáwìrì Náà

Ẹ̀yin tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ojú ìwé ayélujára, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé ná. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún ọdún méjì, mi ò sì ní í kọ́ yín ní nǹkan kan sí i láìsọ ọ́. Fóònù ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí.

Ilé ìwòsàn kan gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ wa pé ká ṣe ojú ìwé ayélujára fún wọn. Mo ṣe àpótí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ojú ìwé. Nọ́ńbà pàjáwìrì wà nínú ti ọ̀tún. Ọ̀gá ní kí n fi ìlà yí wọn ká. Bí mo ṣe fi í, àpótí ọ̀tún já bọ́ sísàlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni ìlà àti àyè inú, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ìlà àti ọ̀rọ̀, ń lé sórí ìdajì tí mo fún un, tí àpapọ̀ wọn fi ju odindi lọ. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n béèrè. Mo fipá mú àpótí méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì pàṣẹ pé kí ohunkóhun tó bá yọ sí ọ̀tún fara pamọ́. Lójú kọ̀ǹpútà mi, ó dára. Lójú fóònù, mo ti gé òǹkà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà dànù.

Bàbá kan pè é nígbà tí ọmọ rẹ̀ ò lè mí dáadáa. Kò wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ̀ aládùúgbò lọmọ náà fi yè. Bàbá yẹn wá bá wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ni gbogbo ojú bá yí sí atẹ̀wé wa, Àǹtí Jẹ́jẹ́, tó tẹ ọ̀rọ̀ inú àpótí náà, tó sì máa ń ka ohun tó bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ pé. Awakọ̀ wa ní bóyá oorun ló gbé e lọ nígbà kẹta. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú ò tì mí.

Ọ̀gá ní kí n lọ wò ó. Mo ṣí i, nọ́ńbà náà pé pérépéré nínú fáìlì. Mo wádìí títí mo fi rí àṣẹ kan ṣoṣo, box-sizing: border-box, tó ní kí kọ̀ǹpútà ka ìlà àti àyè inú mọ́ ìdajì. Mo kọ ọ́, mo yọ àṣẹ ìfarapamọ́, gbogbo rẹ̀ jókòó. Mo wá lọ sọ fún ọ̀gá pé òǹkà kan ni Àǹtí fò, mo ti fi sí i.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wò mí. “Àbúrò mi, ṣé o rí i pé mo fò ó lóòótọ́?”

“Mo rí i, mà.”

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lé e. Ibi mẹ́ta ló ti wáṣẹ́ látìgbà náà. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀gá wa láti béèrè nípa rẹ̀, ó parí.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí fáìlì àtijọ́ náà han ọ̀gá, bó ṣe rí kí n tó tún un ṣe. Mo ní kó kọ ìwé tó máa wẹ Àǹtí mọ́, kó sì kọ orúkọ mi sí i. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi lè lọ. Mo ní kó máa lọ. Ìwé náà nìyí. Ilé rẹ̀ ni mò ń lọ láti ibí. Màá kúnlẹ̀, màá tọrọ àforíjì, màá sì gba ohunkóhun tó bá sọ.

Bí iṣẹ́ yín bá já bọ́, ẹ jẹ́ kó já bọ́ lójú gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ìbéèrè kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹlòmíì ló ru tèmi fọ́dún méjì.