Rẹ́kọ́dà Ńlá Tí Mo Tà sí Ìlerò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ṣakí á ní irọ́ ni, torí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ̀rín sì ni mo fi ń ta ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Rédíò, tọ́ọ̀ṣì àti rẹ́kọ́dà ni mo ń tà. Ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Bàbá Rálíà wá bá mi láti Ìlerò. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, kò sì sí ẹni tó mọ rárà ìyàwó bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbo ilé wọn. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tí wọn yóò fi gba ohùn ìyá pamọ́ sílé, kí àwọn ọmọbìnrin tí kò ì tíì relé ọkọ lè máa gbọ́ ọ kọ́.

Rẹ́kọ́dà méjì ló wà lórí tábìlì mi. Kékeré kan wà tí ń jẹ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Òun gan-an ló yẹ ẹni tí kò ní iná mànàmáná nílé. Ńlá kan sì wà, iná mànàmáná ni wọ́n ṣe é fún. Ó ti jókòó tì mí débi pé aláǹgbá ti fi ṣe ilé.

"Ìyá Rédíò, èwo ni kí n mú?"

"Ṣé inú agolo lẹ fẹ́ ki ohùn ìyá yín bọ̀ ni? Ẹ mú èyí tó láyà!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò mà síná ní Ìlerò."

"Bátìrì mọ́tò á gbé e."

Irọ́ kọ́ nìyẹn o. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi so wáyà mọ́ ọn, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó pè mí sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá Rédíò, agbára bátìrì yìí kò tó ti iná, kásẹ́ẹ̀tì yóò máa rọra yí. Ohùn tí wọ́n bá fi bátìrì gbà, bátìrì náà ni kí wọ́n fi gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá fi iná mànàmáná gbọ́ ọ, yóò máa sáré, yóò sì dún bí ohùn ẹyẹ. Ẹ sọ fún baba yẹn o."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ fún baba. Mo rò pé bí mo bá sọ, kékeré ni yóò mú, èmi àti aláǹgbá yóò tún máa wo ara wa.

Wọ́n gba ohùn náà. Ìyàwó Bàbá Rálíà ló di ẹ̀rọ mú, òun ló sì ń tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Wọ́n fi bátìrì gbọ́ ọ, ó dára. Bàbá Rálíà tìtorí rẹ̀ gbé iṣu wá kí mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Nígbà tó yá, ìyá kú. Wọ́n pè mí sí fídáù ọjọ́ ogójì, mo lọ. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ wá nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn àáfà. Lẹ́yìn wáàsí, Bàbá Rálíà dìde, ó ní kí ìyá àwọn fúnra rẹ̀ kí àlejò. Ó ki rẹ́kọ́dà bọ iná jẹnẹrétọ̀. Ohùn tó jáde! Ìyá arúgbó ń sáré ké bí ẹ̀gà orí ọ̀pẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Kò sí ẹlòmíì tó rín in. Àbúrò ìyá tó kú, obìnrin ẹlẹ́nu mímú bíi tèmi, dìde, ó nawọ́ sí Ìyá Rálíà, ìyàwó tó ń tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ tí o kì í kúnlẹ̀ dáadáa kí i! Kí lo fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi ṣe nínú àpótí rẹ?"

"Mo fi Àlùkùránì búra, mi ò ṣe nǹkan kan." Ó yíjú sí mi. "Ìyá Rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Ẹ̀rọ tí mo tà kò lábùkù."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Bí mo bá ní kí wọ́n yọ ọ́ níná, kí wọ́n lọ tú bátìrì mọ́tò kan wá, gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ì bá bi mí ìdí tí n kò fi sọ tẹ́lẹ̀, lójú gbogbo ará Ìlerò tí ń rajà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní òkú ló ń bínú sí ìyàwó. Bàbá Rálíà fi aṣọ funfun we kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sórí àjà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Rálíà fi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òtu. Rálíà, ọmọ wọn, dúró sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo máa ń rí obìnrin náà nígbà tó bá gbé ẹ̀lùbọ́ wá ọjà. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Ó ń kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Rálíà tún wá. Rálíà ń relé ọkọ lẹ́yìn ìkórè iṣu, kò sì mọ rárà kankan. Baba náà dúró pẹ́ níwájú tábìlì mi. Irun rẹ̀ ti funfun.

"Ìyá Rédíò, ṣé ẹ ò ní ẹ̀rọ kan tó lè bá wa bẹ òkú?"

N kò rí ẹ̀rín rín. Mo ní kó padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, òkú kò bínú. Ohùn ìyá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gba agbára sí bátìrì mọ́tò kan, ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ibo ni kí n kọ́kọ́ gbé e gbà? Ṣé Òtu ni, kí n kúnlẹ̀ fún obìnrin tí mo tà lọ́pọ̀ nítorí rẹ́kọ́dà? Àbí Ìlerò, níwájú agbo ilé tó gbọ́ ẹ̀rín mi? Ojú wo ni ọmọ yẹn yóò fi wò mí, èmi tí mo jẹ́ kó dàgbà láìsí ìyá nílé?

Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Bátìrì tó bá jókòó pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń tán. Tèmi náà ń lọ.