Ẹ̀rín Tí Kò Na Ọwọ́

Ọpẹ́ ni mo bá wá, ẹ̀yin ará mi! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó ṣe ohun mìíràn, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹkún lè dí mi lọ́nà. Ọlọ́run tó dá òkun tó sì pààlà fún un, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ! Ẹ bá mi pe halelúyà mẹ́ta. Ẹ ṣeun.

Ẹ mọ̀ mí nínú ìjọ yìí. Èmi ni Ìyá Ayọ̀mídé tó ń yan ẹja lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ní Zion Pepe níbí. Ẹ kì í sábà gbọ́ ohùn mi. Ìyá Ìjọ tiẹ̀ máa ń sọ pé bí ilé mi bá ń jó, mo máa kan ilẹ̀kùn aládùúgbò jẹ́jẹ́, mo máa kí i tán, kí n tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n lónìí mo máa pariwo, nítorí ohun tí Olúwa ṣe fún mi ju ohun tí a ń sọ jẹ́jẹ́ lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ ìkórè wa. Mo wọ léèsì funfun, mo ru abọ́ ẹja yíyan tí mo fẹ́ fi dúpẹ́, mo ń jó bọ̀ lórí afárá pákó, ni pákó kan bá dá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Gbàmù! Èmi, ẹja, gèlè, gbogbo wa di èrò inú omi. Ẹ sì rẹ́rìn-ín! Ẹ má purọ́ nínú ilé Olúwa, ẹ rẹ́rìn-ín. Bàbá Alàgbà tó jókòó níwájú yìí rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ bọ́. Mo gbọ́ yín, sà. Mo ti dárí jì yín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwa ọmọ etí omi mọ òfin yìí láti kékeré: ẹni tó bá já bọ́ láti orí afárá, a ó kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ na ọwọ́ fà á sókè. Bí o kò bá na ọwọ́, o kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mẹ́fà ló fà mí jáde lọ́jọ́ yẹn, mo kà á. Mo pààrọ̀ aṣọ, mo padà wá jó. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo rò pé ó parí.

Tèmídayọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa, ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n dárúkọ òun lónìí. Kò ní ibi nínú. Ó gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá wa ń ṣèrìbọmi lẹ́ẹ̀kejì." Nígbà tí Ayọ̀mídé ọmọ mi, tó wà nílé ìwé ní Àkúrẹ́, fi í ránṣẹ́ sí mi, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rí ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀.

Háà! Ẹnì kan tí kò rí mi rí ní mo ti mutí yó. Ẹlòmíràn ní àjẹ́ ni mí, pé Ọlọ́run ló tú àṣírí mi lọ́jọ́ ìkórè. Ẹnì kan ní pákó ló yẹ ká bá kẹ́dùn. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń pọ̀ sí i, àwọn tí ń gbé ní ìlú tí mi ò lè débẹ̀ láéláé.

Ìwà mi ni pé mi ò lè fi nǹkan sílẹ̀ láìparí. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo mú ìwé ìkọ̀wé kan, mo ń kọ wọ́n sílẹ̀: orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́. Mo tún ń dá wọn lóhùn. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò mutí rí láyé mi." Ẹnì kan fèsì pé, "Màmá, ẹni tí kò mutí kì í ṣàlàyé." Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ìyẹn náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dúró nílé wa. Ojoojúmọ́ ni mo ń wa ọkọ̀ kékeré mi lọ sí àárín omi, níbi tí a ti ń rí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Mahintedo lọ́ọ̀ọ́kán, kí n lè ka ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹja ń jóná lórí ààrò. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun. Bí mo bá gbé orí lé ìrọ̀rí, gbogbo ohun tí wọ́n kọ á máa ké sí mi létí. Bí fóònù ẹlòmíràn bá dún, àyà mi á já. Mo ṣíwọ́ wíwá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí mo rò pé gbogbo ojú tó wò mí, fídíò yẹn ló ń wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dé ibi tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé bí mo bá sùn, kí n má jí mọ́. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹsẹ Bíbélì!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo tún wà lórí omi. Omi ń fà padà sí òkun, mo sì mọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá ń gbé níbí mọ̀ pé bí omi bá ń fà báyẹn, èèyàn kì í tú ọwọ́ lára àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù dún, mo gbé àjẹ̀ lé itan, mo fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Ẹnì kan tún ti gbé fídíò náà jáde, ó ti fi orin sí i. Mo ń kà, mo ń kà. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, mi ò rí òpó mọ́, ilé wa ti kéré bí páálí ìṣáná, àjẹ̀ mi ń léfòó lọ níwájú bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Èmi, ọmọ apẹja, ìyàwó apẹja! Omi ń gbé mi lọ sí ẹnu òkun, níbi tí ìgbì ti ń dojú ọkọ̀ kékeré dé.

Ẹ gbọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù ju ìgbì lọ. Mi ò pariwo. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo sì sọ nínú ara mi pé, bóyá kó kúkú rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi bà mí! Mo la ẹnu, mo ké pé, "Jésù, mi ò fẹ́ lọ! Mi ò fẹ́ lọ!" Mi ò ké bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ṣé ẹ rí Ọlọ́run? Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì tí Ọmọ́wọlé fi ń kó èrò ló yọ láti ọ̀nà Ode Mahin! Nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn wa ló wà nínú rẹ̀, ọmọ Èkìtì, tó ń bẹ̀rù omi débi pé jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì ló wọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ọmọ́wọlé pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Ayọ̀mídé, ṣé òkun lẹ ń lọ ni?"

"Rárá o."

"Àjẹ̀ yín dà?"

Mo nawọ́ sí i. "Òun ló ń lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ló na ọwọ́ sí mi. "Ọwọ́ mi rèé, màmá. Ẹ dì í mú dáadáa, ẹ̀rín yìí á pẹ́ kó tó tán."

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo di ọwọ́ yẹn mú, ojú mi là! Àwọn tí mo ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ta ni nínú wọn ló na ọwọ́? Wọn ò mọ irú omi tí mo já sí. Ta ló fi wọ́n ṣe adájọ́ mi? Èmi ni! Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ lọ bá wọn lójoojúmọ́ kí wọ́n lè dá mi lẹ́jọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò lè dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà gbàgbé ìbẹ̀rù omi, ó rá sún mọ́ mi. "Mà, ìgbà wo lẹ sùn dáadáa kẹ́yìn?" Mi ò rántí. "Ẹ jẹun lánàá?" Mo mi orí. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti ń rò ó pé kí ayé yín kúkú parí?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ké háà, kò bá mi wí. Ó ní, "Àìsàn ni, mà. Ó ní ìtọ́jú, bí ibà ṣe ní ìtọ́jú. Ẹ ò ní dá wà lónìí."

Ilé Ìyá Ìjọ ni wọ́n gbé mi lọ. Àwọn kan nínú wa, mi ò ní dárúkọ, ní kí wọ́n fi mí sínú ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ìyá Ìjọ dìde. "Ẹni tí kò jẹun láti oṣù tó kọjá, ààwẹ̀ wo lẹ tún fẹ́ kó gbà? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbà á, kí òun jẹun!" Wọ́n sì gbà á o! Ẹ̀yin obìnrin ìjọ yìí, ọjọ́ méje lẹ fi gbààwẹ̀ nítorí mi, ẹ̀ ń gbàdúrà pẹ̀lú ètè gbígbẹ, èmi jókòó sáàárín yín, mò ń jẹ púpurú. Olúwa yóò san án fún yín!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì bá mi lọ rí dókítà kan ní Ìgbókọ̀dá. Dókítà náà fi sùúrù gbọ́ mi, ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa padà wá ká jọ máa sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé fóònù fún ẹni tí mo fọkàn tán fúngbà díẹ̀. Ayọ̀mídé wá sílé, ó gbà á. Tèmídayọ̀ wá kúnlẹ̀, ó ti pa fídíò náà rẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. "Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín lè rìn jìnnà tó báyìí." Mo gbá a mọ́ra.

Mi ò ní tàn yín. Fídíò náà ò tíì tán láyé. Àwọn tí a ò mọ̀ ti tọ́jú rẹ̀ káàkiri. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run pa á rẹ́. Kò pa á rẹ́. Èmi ló wò sàn! Ó wà níbẹ̀, mo sì ń sùn! Ó wà níbẹ̀, mo sì ń jẹun, mò ń yan ẹja, kò sì jóná mọ́! Mo ti gba fóònù mi padà. Wákàtí kan péré ni mo ń lò ó lójúmọ́, mi ò sì lọ wá ọ̀rọ̀ ara mi kiri mọ́. Mo ṣì ń lo oògùn, mi ò tijú. Ọjọ́ mìíràn ṣì máa ń wúwo. Bó bá wúwo, mo máa ń pe nọ́ọ̀sì, mo máa ń pe Ìyá Ìjọ, mo máa ń pe Jésù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dáhùn!

Gbogbo ògo, Olúwa, Tìrẹ ni! Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó! Ṣùgbọ́n kí onílù tó bẹ̀rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà láàárín wa tó ń rẹ́rìn-ín lójú wa, tí àyà rẹ̀ sì ń já. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ mo máa padà lọ rí dókítà. Ọkọ̀ Ọmọ́wọlé máa gbéra láago méje àárọ̀. Mo ti ní kó fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ má ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà wọlé, kẹ́ ẹ jókòó. Bí àyè mẹ́rin ò bá tó, Ọmọ́wọlé á padà wá kó àwọn tó kù, èmi á sì dúró dè yín ní èbúté Ìgbókọ̀dá.

Halelúyà!