Ìwé-Àṣẹ Tó Ń Sùn

Ọkùnrin kan àti Hajíà kan ló wà níwájú mi lórí ìlà, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àwọn ajẹ́ńtì ilé ní ìwé-àṣẹ ní Tamale.

"Ẹsẹ̀ mi ló kán, Hajíà, ni mo bá ní kí wọ́n dá ìwé mi dúró fún ọdún kan. Ọdún náà ti pé."

"Àwọn oníbàárà ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń wá sílé. Ìyàwó mi ló ń júwe yàrá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi máa ń sọ pé àdúgbò Jisonayili ò jìnnà sígboro, pé omi ń yọ lójoojúmọ́. Òun á ní, 'Ó jìnnà o, ẹ ra dúrọ́ọ̀mù omi, ṣùgbọ́n onílé yẹn kì í jágbe mọ́ èèyàn.' Wọ́n á sì lọ gbà á. Yàrá tí mo fi ọdún méjì polówó, wàláhì, ọ̀sẹ̀ kan ló fi rí ẹni gbà á."

Hajíà rẹ́rìn-ín. "O wá fẹ́ jí ìwé ẹ lójú oorun, kó o tún lọ ba iṣẹ́ náà jẹ́?"

"Rárá, Hajíà. Fọ́ọ̀mù ìyàwó mi ni mo wá gbà, kó lè ní ìwé tiẹ̀. Tèmi, ẹ jẹ́ kó máa sùn. Ìgbà tó sùn ni ilé tó ń rí ẹni gbà á."