Bọ̀dá Mùfú Kọ́ Ló Ba Táyà Ọkọ̀ Ọkọ Mi Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Èmi náà máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì níbí, màá pòṣé, màá ní, "Irú obìnrin wo lèyí?" Ó ti wá kàn mí. Ọkùnrin kan ti ń ru ẹ̀bi mi láti bí ọdún kan sẹ́yìn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Èkó nítorí ẹ̀bi náà. Mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi.

Ìdímù ni à ń gbé. Èmi ni akọ̀wé ní ilé ìwé àdáni kan níbẹ̀. Ọkọ mi, Dádì Tólú, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ má rò pé ó ń lù mí o. Kì í tiẹ̀ pariwo. Tó bá ń bínú, ńṣe ló máa dákẹ́, á máa jẹun láìwojú mi, ìyẹn gan-an sì ni mi ò lè fara dà.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í fi ṣeré ni ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ pupa kékeré kan ni, kò ní búùtù gígùn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣí sókè. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lágbára, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí ni, ó ti fò lọ. Ọkọ mi ti ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn gbálẹ̀. Apọ́nbéporẹ́ ni mo sọ ọ́. Mo máa ń ní, "Dádì, Apọ́nbéporẹ́ ìyàwó yín ti wẹ̀ lónìí kí èmi tó wẹ̀ o." Á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Láéláé! Mo ti fi ọkọ̀ wa àtijọ́ ha géètì rí, látìgbà yẹn ló ti ní kí n dúró ná kí ọ̀nà àdúgbò wa dára. Ẹ̀yin ará Alimosho, ẹ sọ fún mi, ọjọ́ wo nìyẹn?

Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ra táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Mùfú, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìdímù níbí, fún aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn ni pé kí wọ́n to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí táyà lè dúró ṣánṣán. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀dá Mùfú, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Gbogbo àwọn tó ní irú ọkọ̀ yẹn lágbègbè wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, títí kan àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi tí wọ́n máa ń pàdé ní Ipaja lọ́sàn-án Sọ́ńdè láti fi ọkọ̀ wọn yangàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ mi bá bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì wọn lọ sí Ìbàdàn, ó máa sùn síbẹ̀. Àwa tí a jọ jáde ilé ìwé girama sì ní ìpàdé ní Ìjẹ̀gùn, nílé ọ̀kan nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń ṣàìsàn, kì í sì í ṣe pé mi ò rí owó ọkọ̀. Fáàrí ni. Nígbà tí a pàdé gbẹ̀yìn, ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀, eruku bò mí dé ìpéǹpéjú, ọ̀kan nínú wọn sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi nínú Apọ́nbéporẹ́, mo bá mú kọ́kọ́rọ́ níbi tí ọkọ mi fi í pamọ́ sí, mo wà á lọ.

Wọ́n rí mi lóòótọ́. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po, wọ́n ń ya fọ́tò. Orí mi wú. Nígbà tí mò ń bọ̀ nílé nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà kan já síwájú mi lójijì, mo yà fún un, gbàm! Ẹsẹ̀ iwájú ti já sínú gọ́tà. Mo pariwo, "Jésù!"

Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ló bá mi gbé ọkọ̀ náà jáde. Ta ni mo rí láàárín wọn? Bọ̀dá Mùfú! Àṣé Ìjẹ̀gùn ló ń gbé. Ó mọ ọkọ̀ náà, ó mọ èmi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá Tólú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọpẹ́ ni pé ẹ ò fara pa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ti yí díẹ̀. Tí ẹ bá ń wà á báyìí, ẹ̀gbẹ́ inú ni táyà á ti máa jẹ, ẹ ò sì ní rí i láti ìta. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kí n tún un tò."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Dádì Tólú gbọ́." Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Mo rò pé bí èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ lásán ni.

Mo fọ ẹrẹ̀ ara ọkọ̀ náà nù lálẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde? Mo bá dákẹ́. Nígbà tó ní sitiárín ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní bóyá ọ̀nà ni kò dọ́gba. Ẹ ẹ̀ rí mi bí? Èmi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń rọ omi sí lára ọkọ̀, mo di mẹkáníìkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bọ̀dá Mùfú rí mi níta, tó rọra bi mí pé, "Màmá Tólú, ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o." Mo ní a máa gbé e wá. Mi ò gbé e lọ síbì kankan.

Ọkọ mi fi táyà yẹn gbé àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ kí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì fi gbé wọn bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí táyà náà ń jò, tí fọkanáísà tú u, ìta rẹ̀ ṣì dà bíi tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ tán, wáyà ti yọ síta. Fọkanáísà náà káwọ́ lérí. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí tí ẹ fi dé láti Abẹ́òkúta yìí, ẹ lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín o." Táyà yẹn ì bá bẹ́ lójú títì márosẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nínú ọkọ̀. Di òní olónìí, tí àwọn méjèèjì bá ń jà lórí rìmóòtù, tí ariwo wọn fẹ́ mú orí fọ́ mi, màá kọ́kọ́ ní, "Olúwa, mo dúpẹ́," kí n tó bá wọn wí.

Ọkọ mi gbé táyà náà, ó di ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Mùfú. Mo tẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa bá ara wọn sọ ń bà mí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ọkọ mi. Ó ju táyà náà sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. "Ṣé aláìnmẹ́ǹtì tí o ṣe fún mi nìyí? Àwọn ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ o!"

Bọ̀dá Mùfú gbé táyà náà, ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Táyà tuntun ò lè jẹ báyìí tí ọkọ̀ ò bá já sí kòtò."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Mọ́mì Tólú, ṣé o gbé ọkọ̀ yìí jáde nígbà tí mo lọ sí Ìbàdàn?"

Mo ní, "Èmi? Níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ?"

Bọ̀dá Mùfú wò mí. Mo ń retí pé á sọ̀rọ̀, ẹkún ti wà lójú mi tẹ́lẹ̀. Ló bá wo ilẹ̀, ó ní, "Ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò dì í dáadáa, Ọ̀gá. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọkọ mi ò gbà. Kó tó tan ọkọ̀, ó ti gbé fóònù, ó ti sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní irú ọkọ̀ yẹn, pé kí wọ́n má lọ sọ́dọ̀ Mùfú mọ́, pé ayédèrú iṣẹ́ ló ń ṣe, pé díẹ̀ ló kù kó pa àwọn ọmọ òun. Mo jókòó tì í níbẹ̀, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ ti ń bú mi. Mo tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ràn kíákíá. Ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ̀ máa ń tò dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó wá ku Bọ̀dá Mùfú àti bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti rí mi, á kí mi, á ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́ o? Ẹ bá mi kí Ọ̀gá." Kò fi ṣe èébú o, tọkàntọkàn ló fi ń béèrè. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi jàre.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Ilé ìwé wa ni Sàídì, ọmọ Bọ̀dá Mùfú, ń lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi láti sọ pé ọmọ náà ò ní wá mọ́, àwọn ń kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ò lọ mọ́ níbí. Ó ní, "Ẹnì kan ló ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́, Mọ́mì. Mo bi í títí pé ta ni, ó ní kí n fi sílẹ̀."

Ẹ gbọ́ o. Kò sọ fún ìyàwó tí wọ́n jọ ń sùn! Obìnrin náà wá di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́ pé mo tọ́jú ọmọ òun, ó ní ojú ò ní tì mí láyé. Mi ò lè ṣe àmín.

Bó ṣe lọ tán ni mo sáré lọ bá ọkọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní màá jẹ́wọ́ fún Dádì Tólú. Ó ní, "Màmá Tólú, ẹ dìde. Ẹ má tú ilé yín ká nítorí tèmi. Mo ti ṣèlérí fún yín." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kòtò kún Ògbómọ̀ṣọ́ náà ṣá. Táyà ń jẹ níbẹ̀." Èmi ń sunkún, òun ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àlàáfíà tí mo ní nílé mi látọjọ́ yẹn, ọkùnrin yìí ló fún mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Báwo ni wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ọpẹ́ tí mo ní kún mi nínú, kò sì wúlò fún un tí mi ò bá lanu. Mo fẹ́ bi yín kí ni kí n ṣe, àmọ́ mo ti mọ ohun tó yẹ. Mo ti dúró níwájú ọkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí, ẹnu mi ò ṣí. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ń ka ojú ìwé yìí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń kà á sókè fún mi nígbà tí mo bá ń gé ẹ̀fọ́.

Dádì Tólú, ẹ ti mọ̀ pé èmi ni. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ jáde. Èmi ni mo já a sí gọ́tà. Mo parọ́ fún yín níṣojú ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn láìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Tí kò bá tíì ṣeé ṣe, mo gbà, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé Bọ̀dá Mùfú ò ṣe nǹkan kan, kí ẹ sì lọ bá a ní Ìjẹ̀gùn. Tèmi lè dúró. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kó ẹrù.