Ẹnu Irin Tí Mo Dí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ní kí akunlé sọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kalẹ̀ ná. Orúkọ mi tí ẹ fẹ́ kọ sára yàrá ìwádìí yìí, ohun kan ń rùn nídìí rẹ̀. Bí n kò bá tú u síta lónìí tí mò ń fẹ̀yìn tì, àìsàn tó wà lára mi kò ní jẹ́ kí n rí ọjọ́ mìíràn.

Gbogbo yín lẹ mọ irin tó sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, èyí tí mo ní kò ní sán lanu láé bí wọ́n bá fi di yuréníọ̀mù nínú iléru átọ́míìkì. Bàbá Lọ̀-kó-dán lẹ̀ ń pè mí, nítorí orin kan ṣoṣo ni mò ń kọ sí yín létí: "Ẹ lọ̀ ọ́ kó dán, ẹ fi ásíìdì fọ̀ ọ́, kí ẹ tó wò ó." Ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ nígbà náà, tí a ń pè ní Ojú Àwòdì nítorí ojú rẹ̀ mú, mú irin mi tí wọ́n yọ nínú iléru, ó ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó sáré wá bá mi: "Bàbá, irin yín ti lanu o! Ìtànṣán yuréníọ̀mù ti jẹ ẹ́." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé kì í ṣe irun ojú rẹ lo rí nínú maikirosikóòpù?" Ó rẹ́rìn-ín: "Irun ojú tèmi kì í hù nínú irin, Bàbá." Mo wò ó, mo sì rí i. Ẹnu mi rẹ́rìn-ín, inú mi kò rẹ́rìn-ín.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo mú kó wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán kàn wá, mo fi ọwọ́ ẹ̀rọ gbá irin náà mú, mo tún un lọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, títí ara irin fi fà bo ẹnu ara rẹ̀. Ásíìdì ì bá tú àṣírí; mi ò jẹ́ kó kàn án. Ọ̀gá ẹ̀ka wa wò ó nínú maikirosikóòpù: "Ọmọbìnrin, ẹnu tó là dà?" Ọmọ náà yíjú sí mi: "Bàbá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ti rí i." Ìkà ni mí o! Mo ní, "Èmi ò rí nǹkan kan." Wọ́n lé e bí òpùrọ́. Mo ti dí ẹnu ògiri, àmọ́ aláǹgbá ti wà nínú ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè é lórí fóònù. Kò bú mi. Ó ní, "Ṣé ẹ ti fi ásíìdì fọ irin náà?" "Mo ti fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Dárí jì mí." "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó pè mí lópùrọ́ wò ó ná, Bàbá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bẹ̀ mí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irin tó dán jù, ẹ fura sí i. Àwòrán irin mi lẹ́yìn tí ásíìdì fọ̀ ọ́ nìyẹn lára ògiri. Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ bi í pé ẹnu tó là dà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ awò ojú yín. Fóònù mi wà lórí tábìlì, Ojú Àwòdì ń gbọ́ wa nínú rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ẹnu tó là? Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ sókè.