Kẹ́ẹ̀gì Tí Mo Ní Kí Fọlákẹ́ Gbé Relé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ohun kan ń bẹ lọ́rùn mi láti ìgbà tí nǹkan wọ́n ní Benin, tó jẹ́ pé à ń tò ká tó rí ọṣẹ àti mílíìkì rà. Mo fẹ́ gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun sì ti dá lójú mi.

Olùkọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí èèyàn ṣe ń lo nǹkan láìfi ṣòfò, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà lè rí tiwọn lò. Mo fẹ́ràn ẹnu ara mi púpọ̀. Mo máa ń ní àwọn ìyá wa kì í ju nǹkan nù, agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọn gàrí. Mo ní kò sí kẹ́ẹ̀gì tí eérú àti omi gbígbóná kò lè fọ̀ mọ́.

Fọlákẹ́ wà nínú kíláàsì náà. Ìyaro ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí lọ́jà Ekiosa, ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan náà la sì jọ ń lọ. Benin ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pidgin ló fi ń dáhùn. Síbẹ̀ ìyá rẹ̀ tọ́ ọ gan-an. Bó bá rí mi, inú ẹrẹ̀ pàápàá ni yóò kúnlẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan, mo kó wọn lọ sí oko, a rí kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakòkòrò ti tán nínú rẹ̀. Mo ní kí Fọlákẹ́ fọ̀ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣan án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ma, e still dey smell small."

Mo fi imú kàn án. Èmi náà gbọ́ òórùn ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá mi lẹ́jọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ mi kò jẹ́. Mo ní ó ti mọ́, kí ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n máa fi pọnmi.

Bọ̀dé, àbíkẹ́yìn wọn, ló kọ́kọ́ mu nínú omi náà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọn ò gbé e padà wálé láàyè.

Nígbà tí a lọ bá wọn kẹ́dùn, ìyá náà bi mí níṣojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bóyá lóòótọ́ ni mo fún ọmọ rẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì yẹn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi mìíràn níbẹ̀, mo ní rárá. Mo ní kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo sọ, bóyá kò fetí sílẹ̀ ni.

Fọlákẹ́ gbójú sókè, ó wò mí. Mo mọ̀ pé kò ní sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í sọ láwùjọ pé irọ́ ni àgbà ń pa. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fún un ni mo sá sí lábẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi Yorùbá sọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú, Màámi." Gbogbo ilé gbà pé ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò tún yá mọ́ ọn mọ́. Ọmọ náà fi ìwé sílẹ̀, ó bá ọ̀nà Warri lọ. Èmi ń kọ́ni nìṣó, wọ́n ń kan sáárá sí mi. Ìyá rẹ̀ sọ mí di ọ̀rẹ́, ó máa ń fi èènì sí gàrí mi, mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fọlákẹ́ wọlé. Ó gbọ́ pé àìsàn ti dá ìyá òun dùbúlẹ̀, pé wọn ò sì fẹ́ fojú kan òun. Mo retí kí ó bú mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu." Kò dárúkọ kẹ́ẹ̀gì rárá. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mo lọ. Mo bẹ ìyá náà lórí ibùsùn rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, tí ẹnì kan pa ọmọ yín, ṣé ẹ ó foríjì í?"

Mo ní mà á padà wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé òtítọ́ á gbẹ̀mí rẹ̀, àbí ara mi ni mò ń ṣàánú, mi ò mọ̀. Ó ṣì ń retí mi. Ẹ jọ̀ọ́, èsì wo ni kí n fún un?