Ẹ̀rọ Tì-mí-n-tì-ọ́ Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Àjẹ́

Ọlọ́run ló ni ọpẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, ní Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá mi ní Máfólúkù. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni èmi, Fúnkẹ́ ọmọ mi obìnrin, Délé àbúrò rẹ̀, Ìyá Wòlíì, àti Bùrọ́dà Jóṣúà. Ìyá Kúdí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn. Mo ń dárúkọ wọn báyìí nítorí pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, Bùrọ́dà Jóṣúà jẹ́rìí nínú ìjọ yìí pé òun fọ́ ẹ̀rọ àjẹ́ nílé mi, òun sì gba ọmọ mi sílẹ̀. Ẹ pariwo Halelúyà fún un. Mo gbọ́ pé ẹ tún pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Halelúyà yẹn padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, kí ẹ wá pariwo òmíràn.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti sùn nínú Olúwa, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí. Mo ń kọrin, mo ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò sì ní díbọ́n níwájú pẹpẹ.

Tíṣà Fúnkẹ́ ló fún wọn níṣẹ́. Ó ní Nàìjíríà ti rí owó epo, gbogbo nǹkan là ń rà láti òkè òkun, kí àwọn ọmọ náà gbìyànjú ṣe ẹ̀rọ tiwọn. Kí nǹkan kan ti ìkejì, kí ìkejì ti ìkẹta, títí iṣẹ́ ilé kan á fi di ṣíṣe láìfọwọ́ kàn án. Délé ló sọ ọ́ ní Tì-mí-n-tì-ọ́. Fúnkẹ́ ní tiwọn á máa lu agogo àdúrà àárọ̀. Ìyá wọn ló máa ń lu agogo yẹn. Láti ìgbà tó ti lọ, orí fèrèsé ló wà, kò sẹ́ni tó gbé e. Èmi náà kò lè gbé e.

Wọ́n rí pákó tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní Òṣòdì pa tì. Wọ́n kó agolo mílíìkì jọ. Òwú pupa wá láti ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, àjákù tí a máa ń dà nù. Èmi fúnra mi ni mo mú un wá fún wọn. Abẹ́là jẹ́ kùkùté èyí tí a tàn nínú ilé Ọlọ́run yìí, tí Délé ṣà lẹ́yìn ìsìn. Abẹ́là á jó òwú, òwú á já, òkúta tó so mọ́ ọn á jábọ́, á ti bọ́ọ̀lù kékeré kan. Bọ́ọ̀lù á yí lọ lórí pákó, á kọ lu agolo. Àwọn agolo á máa ti ara wọn ṣubú, èyí tó kẹ́yìn á ti ìgò omi. Omi á dà sínú ife, ife á wúwo, á fa okùn, okùn á lu agogo.

Ìjà ni wọ́n fi tò ó.

“Àǹtí Fúnkẹ́, agolo yín ti jìnnà síra wọn jù.”

“Ìwọ tó o gba òdo nínú ìṣirò, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?”

Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ, ó ń dùn mọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Wòlíì àti Bùrọ́dà Jóṣúà wọlé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn. Ìyá Wòlíì ní àwọn rí ìran okùn pupa nínú ilé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. N kò bá ìran jà. Okùn pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bèèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe? Wọ́n rí abẹ́là, wọ́n rí òwú, wọ́n rí agogo, ó tán! Bùrọ́dà Jóṣúà kígbe “Iná Ẹ̀mí!” ó sì ta pákó nípàá. Agolo fọ́n káàkiri. Ó da omi àdúrà lé ohun tó kù lórí.

“Bàbá Fúnkẹ́,” Ìyá Wòlíì wí, “ohun tó gbé ìyàwó yín lọ rèé. Ọmọ yìí ni wọ́n ń lò. Kó múra, ọjọ́ méje ni yóò fi gbààwẹ̀ lórí yanrìn ní ilẹ̀ àánú ìjọ.”

Ìyá Kúdí sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ṣé abẹ́là yín kọ́ nìyẹn? Àbí àjẹ́ ti ń bá yín ra abẹ́là pọ̀ ni?”

“Ìyá, ẹ lọ máa kírun yín!” Bùrọ́dà Jóṣúà dá a lóhùn.

“Mo ti kírun tèmi. Ìwọ ni kò jọ pé o gbàdúrà kó o tó jáde, tó o fi ń ta agolo ọmọ ọlọ́mọ nípàá.”

Bùrọ́dà Jóṣúà ní òun ń lọ ṣètò ilẹ̀ àánú. Ó sì lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ó lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣojú rẹ̀.

Délé ń sunkún. Fúnkẹ́ kò sunkún, ó ń ṣa agolo. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ wá sílé ìwé, ṣùgbọ́n ilé ìwé kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún ọmọ tí ẹ bá pè ní àjẹ́. Ó lè jáde kúrò ní ilẹ̀ àánú, orúkọ yẹn kò ní jáde lára rẹ̀ láéláé. Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ òun bá a jókòó? Ọmọ tó sin ìyá rẹ̀, kí ẹ wá sọ pé òun ló pa á!

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tó jẹ́ pé, ká ní mo sọ ọ́, n kò ní lè wọ ìjọ yìí mọ́. Mo dijú. Mo ní, “Olúwa, di ẹnu mi, kí O sì tú ọmọ mi sílẹ̀.” Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi.

“Ìyá Wòlíì, ẹ jókòó. Fúnkẹ́, Délé, ẹ tún un tò.”

Wọ́n jókòó. Àwọn ọmọ náà tò ó, wọ́n tan abẹ́là. Òwú já, òkúta bọ́, bọ́ọ̀lù yí dé àárín pákó, ó sì dúró. Ìyá Wòlíì dìde, wọ́n na ọwọ́ sí Fúnkẹ́. “Ẹ rí i? Kò lágbára mọ́.”

“Omi yín ló rin pákó!” Délé kígbe. Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti fa sùtánà mi lórí ìṣó, ó ti fi nu pákó gbẹ. N kò bá a wí.

Wọ́n so òwú mìíràn. Bọ́ọ̀lù yí. Agolo ń ṣubú tẹ̀lé ara wọn. Ìgò dojú dé, ife sọ̀ kalẹ̀, agogo ìyàwó mi sì dún.

Ẹ mọ bí agogo ṣe máa ń ṣe wá nínú ìjọ yìí. Tó bá ti dún, orúnkún kì í bèèrè lọ́wọ́ orí. Ìyá Wòlíì ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. “Mímọ́!” Gbogbo wa kúnlẹ̀. Ìyá Kúdí nìkan ló dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní:

“Ìyá Wòlíì, ṣé ẹ̀rọ àjẹ́ lẹ ń kúnlẹ̀ fún?”

Wọ́n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé Fúnkẹ́ lórí. “Ọmọ mi,” wọ́n wí, “má bínú.” Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ilẹ̀ àánú mọ́.

Ìyẹn ni ìdáǹdè tó ṣẹlẹ̀ nílé mi. Ìyá Wòlíì wà ní ìsọjí ní Ìkòròdú nígbà tí ẹ ń gbọ́ irọ́. Wọ́n ti dé báyìí, ẹ bi wọ́n. Bùrọ́dà Jóṣúà, mo rí ọ lẹ́yìn òpó yẹn. Ọmọ kékeré ni Fúnkẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tó o jẹ ẹ́ kò kéré. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀. Ọlọ́run tó di ẹnu mi lọ́jọ́ náà ló là á lónìí. Ẹ wá pariwo Halelúyà tó ní ìdí!

Ó ku kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé pákó náà. Fúnkẹ́ kó agolo, Délé gbé agogo. A kò gba ẹ̀yìnkùlé. Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Wòlíì.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Pákó yìí gùn. Ẹ bá wa gbé apá kan dé ilé ìwé, kí gbogbo àdúgbò rí yín pẹ̀lú Fúnkẹ́.”

Wọ́n wo pákó, wọ́n wo Fúnkẹ́, wọ́n sì wọlé padà. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Wọ́n jáde pẹ̀lú òṣùká, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n bọ́ sábẹ́ pákó.

“Bàbá Fúnkẹ́, ẹ ga jù mí lọ. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀.”

Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a sì mú ọ̀nà pọ̀n.